Òdòdó Abẹ́ Ọlọ

Ní oṣù kẹfà, nígbà tí òjò ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kì í fún ni láàyè láti sá aṣọ, Màmá àgbà yọ̀ ṣubú ní ẹ̀yìn ilé ìdáná wọn ní Òkìtìpupa, egungun itan wọn sì ṣẹ́. Èmi ni àwọn ẹbí ní kí n lọ máa tọ́jú wọn. Ọ̀rọ̀ náà kò gba ìjíròrò. Ilé-iṣẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ti dá àwa mẹ́rin dúró ní oṣù méjì ṣáájú, n kò ní ọkọ, n kò ní ọmọ, n kò sì rí ìdí kan tí mo lè fi kọ̀. Mo kó aṣọ díẹ̀ sínú báàgì, mo wọ ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́ta, mo sọ̀ ní Òrè, mo tún wọ òmíràn.

Kí n tó dé, àwọn dókítà ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún Màmá àgbà, wọ́n sì ti kìlọ̀ pé ẹsẹ̀ náà kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ dáadáa fún oṣù mẹ́ta. Ẹ wo ohun tí èyí jẹ́ fún obìnrin tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, tí ó sì jẹ́ pé, yàtọ̀ sí ọjọ́ Ìsinmi, oko ni oòrùn ti ń bá a láti kékeré. A gbé ibùsùn wọn sí ẹ̀bá fèrèsé, ṣùgbọ́n ògiri ilé aládùúgbò ni fèrèsé náà kọjú sí. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń bi mí pé, "Báwo ni oko?" Láràárọ̀ ni mo sì máa ń dáhùn pé, "Oko wà dáadáa, Màmá."

Irọ́ ni mo ń pa. Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo dé ni ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì Ìkòyà, ti pè mí sí ìta, tí wọ́n sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún mi pé oko náà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan tí ó fẹ́ gbin ọ̀pẹ. Owó ọdún mẹ́wàá ni wọ́n gbà lẹ́ẹ̀kan náà, òun ni wọ́n sì fi san owó iṣẹ́ abẹ. "Ara wọn kò tíì le tó láti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí," ni Dádì wí. "Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ dìde." N kò rí ohun tí mo lè fi dá wọn lóhùn. Bí a kò bá rí owó náà, ṣé a ó fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni?

Ọ̀rọ̀ òdòdó bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń ti ọjà bọ̀ pẹ̀lú púpurú àti ẹja. Mo rí yúnyun ní ẹ̀bá ọ̀nà, òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè tí òjò àná ti fọ̀ mọ́. Mo já mẹ́ta, mo fi wọ́n sínú ife omi, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ojú Màmá àgbà tàn. "Ṣé láti oko ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, orí àwọn òdòdó náà ti tẹ̀ wálẹ̀. "Gbé wọn dànù," ni Màmá àgbà wí, "aláìsàn kan tó nínú yàrá yìí."

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo rántí Ìbàdàn. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì níbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ ìmọ̀ ewéko mú mi lọ sí ilé ìpamọ́ ewéko tí ó wà ní Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Igbó ti Nàìjíríà ní Jẹ́ríkò. Ọdún 1943 ni wọ́n dá a sílẹ̀, àwọn ewéko gbígbẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ bébà níbẹ̀ sì lé ní 100,000. Òórùn oko ni mo retí. Òórùn ìwé àtijọ́ àti oògùn kòkòrò ni mo bá pàdé. Wọ́n yọ bébà fífẹ̀ kan jáde fún wa. Ẹ̀ka igi kan wà lórí rẹ̀, tewétewé, tòdòdótòdòdó, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣọ tí a lọ̀. Ní igun ìsàlẹ̀, lápá ọ̀tún, ìwé pélébé kan wà tí wọ́n kọ orúkọ ewéko náà sí, ibi tí ó ti hù, ọjọ́ tí a ká a, àti orúkọ ẹni tí ó ká a. Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí ni ó wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ẹni náà lè ti kú, igbó náà lè ti di títì, ṣùgbọ́n bébà náà ṣì ń jẹ́rìí pé ní ọjọ́ báyìí, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀.

Èrò tèmi kò tó ti àwọn onímọ̀ yẹn. Mo kàn fẹ́ ohun tí ó lẹ́wà tí kò ní kú ní ìrọ̀lẹ́, tí mo lè tò sórí bébà líle kí n sì fi gíláàsì bò ó, kí Màmá àgbà lè rí nǹkan wò yàtọ̀ sí ògiri aládùúgbò. Mo kó ìwé ìròyìn àtijọ́ jọ, mo tẹ́ òdòdó sí àárín wọn, mo wá ohun tí ó wúwo. Ọlọ Màmá àgbà ni mo rí. A kò lọ ata lórí rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti dé àdúgbò, síbẹ̀ Màmá àgbà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e kúrò ní igun rẹ̀. Mo gbé e lé ìwé ìròyìn náà, mo sì gbé ọmọ ọlọ lé e lórí.

Ní ọjọ́ kẹta, mo ṣí i. Òórùn ni ó kọ́kọ́ pàdé mi. Irun funfun ti hù lára yúnyun, imí eṣú ti dúdú, ìwé ìròyìn sì rọ̀ lọ́wọ́ mi bí ẹ̀kọ. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí, lọ́wọ́ àwọn ará Yúróòpù àti Japan, àwọn tí wọ́n ń sọ pé kí a ti òdòdó bọ inú ìwé ńlá kí a sì gbàgbé rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ilẹ̀ tiwọn nìyẹn. Ní Ìkálẹ̀, nínú òjò, ìwé fúnra rẹ̀ ń mu omi láti inú afẹ́fẹ́. Aṣọ inú àpótí pàápàá ń bu. Ẹrù tí mo gbé lé òdòdó náà tó. Ọ̀rinrin inú rẹ̀ ni kò rí ọ̀nà jáde.

Màmá àgbà ló bá mi yanjú rẹ̀ láìdìde lórí ibùsùn. "Kí ni à ń ṣe sí púpurú kí ó má baà bàjẹ́?" Fún ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ púpurú, ẹ̀gẹ́ ni a ń rẹ sínú omi títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì kan, tí a ó fún omi rẹ̀ dànù, tí a ó mọ ọ́n róbótó, tí a ó sì tò ó sórí àjà lókè iná kí ooru àti èéfín gbẹ ẹ́. Ìyá kan ń ṣe é tà ní ẹ̀yìnkùlé wa. Mo fi pákó pẹlẹbẹ méjì há ìwé ìròyìn mi, mo fi okùn dì í, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi gbé e sí ìpẹ̀kun àjà níbi tí iná kò ti pọ̀. Mo ń pààrọ̀ ìwé inú rẹ̀ láràárọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, yúnyun gbẹ táútáú, àwọ̀ ìyeyè rẹ̀ kò sì ṣá. Lẹ́yìn náà ni mo kà á pé àwọn onímọ̀ ewéko tí ń ṣiṣẹ́ nínú igbó kìjikìji pẹ̀lú máa ń gbẹ ohun tí wọ́n bá ká lórí iná sítóòfù. Láti ìgbà náà, òdòdó á sun ọjọ́ kan lábẹ́ ọlọ kí ó tẹ́, lẹ́yìn náà á lọ bá púpurú lórí àjà. Títí di òní, bí mo bá ṣí àpótí tí mo kó wọn sí, òórùn èéfín oúnjẹ ni ó ń jáde.

Kí n sọ òtítọ́, n kò mọ̀ pé òdòdó ní ìwà tó bẹ́ẹ̀. Òrúrù kọ̀ fún mi pátápátá. Ẹ mọ igi náà, èyí tí òdòdó rẹ̀ pupa bí iná lókè, tí àwọn ọmọdé máa ń fún èèhù rẹ̀ kí omi inú rẹ̀ lè ta sí ara wọn. Omi yẹn náà ni ó ba tèmi jẹ́. Ohun tí mo bá lábẹ́ ọlọ kò yàtọ̀ sí ọbẹ̀ tó jóná. Gòdògbó, tí òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ aró, kì í dúró de ẹnikẹ́ni: àárọ̀ ni ó ń là, kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti ká jọ. Mo ní láti máa gbé ìwé ìròyìn lọ bá a ní ibi tí ó wà, kí n tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ ní kété tí ìrì bá ti gbẹ, síbẹ̀síbẹ̀ àwọ̀ aró náà ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ní ti patọnmọ́, bí mo ti ń fọwọ́ kàn án ni ó ń pa ewé rẹ̀ dé. Mo fi ọjọ́ márùn-ún gbìyànjú láti tẹ̀ ẹ́ ní lílà. Màmá àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ìtìjú ni ìwà rẹ̀, ìwọ sì fẹ́ kí ó ṣíjú wò ọ́." Mo tẹ̀ ẹ́ ní pípadé. Òun ni ó lẹ́wà jù nínú gbogbo wọn.

Àwọn ará àdúgbò kò mọ ohun tí wọn ì bá pè mí. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó ti Èkó dé, tí ó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀bá títì pẹ̀lú ìwé ìròyìn lábẹ́ abíyá, kò lè ṣàìjẹ́ ohun ìfura. Àwọn ọmọdé ń pè mí ní Ìyá Eléwé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàbá kan tí n kò mọ̀ rí wọlé wá pé kí n bá àwọn wá àgbo ibà. Nígbà tí mo ṣàlàyé pé n kò ní oògùn, pé mo kàn ń fi òdòdó ṣe ọ̀ṣọ́ ni, wọ́n wò mí bí ẹni tí ó lówó lọ́wọ́ tí ó ní òun kò ní.

Ìbéèrè Màmá àgbà fúnra wọn kò yàtọ̀. Bí mo bá gbé bébà kan sórí itan wọn tí kò dùn wọ́n, wọn yóò kọ́kọ́ sọ orúkọ rẹ̀, lẹ́yìn náà wọn yóò sọ iṣẹ́ rẹ̀. Yúnyun: òun ni a ń fún sí ojú ọgbẹ́ àdá kí ẹ̀jẹ̀ lè dúró. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ pé, "Òdòdó rẹ̀ ńkọ́, Màmá?" wọn yóò gbé ojú sókè. "Òdòdó rẹ̀ kí ni?" Ìgbà náà ni mo kíyè sí ohun kan nínú èdè wa tí n kò kíyè sí rí. Ewé ni a sọ lórúkọ. Nígbà tí Pierre Verger, ará Faransé tí ó di babaláwo tí a sì ń pè ní Fátúnmbí, tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí ewéko ilẹ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1995, *Ewé* ni ó pe àkọlé rẹ̀. Ní ọdún 1984, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ti Jẹ́ríkò tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ti tẹ ìwé tí Gbilé kọ jáde, èyí tí ó kó orúkọ Yorùbá àwọn ewéko jọ. Orúkọ pọ̀ níbẹ̀ jàǹtìrẹrẹ. Ṣùgbọ́n ti ewéko lódindi ni wọ́n. Òdòdó kò ní orúkọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Òdòdó yúnyun, òdòdó òrúrù, bí ẹni ń pe ọmọ ní orúkọ bàbá rẹ̀ nìkan.

Èyí kò sọ wá di ẹni tí kò rí ẹwà. Ẹni tí ó bá wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ yóò rí ewé níbẹ̀. Síbẹ̀ ó dùn mí díẹ̀. Emily Dickinson, akéwì ará Amẹ́ríkà, jẹ́ nǹkan bí ọmọ ọdún 14 nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ òdòdó, ti igbó àti ti ọgbà, sínú ìwé kan. 424 ni ó lẹ̀ síbẹ̀, Yunifásítì Harvard sì ni wọ́n tọ́jú ìwé náà sí di òní. Ó kọ orúkọ sí abẹ́ púpọ̀ nínú wọn bí ó ti kọ́ wọn nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Èmi kò rí ìwé tí ó lè kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ sábẹ́ tèmi. Orí ibùsùn ni ìwé tèmi dùbúlẹ̀ sí, ó sì ń pè mí pé kí n bu omi wá.

Mo ṣe àṣìṣe o. Mo tẹ ewéko kékeré kan tí òdòdó rẹ̀ funfun pọ́nyẹ́, mo sì kọ yúnyun sí abẹ́ rẹ̀ nítorí pé àárín rẹ̀ jọ ti yúnyun. Màmá àgbà gbé e sún mọ́ ojú. "Ta ló ní yúnyun nìyí? Èyí kò sí níbí nígbà tí mo wà lọ́mọdé." Nígbà tí mo wá a lórí fóònù, mo rí i pé Tridax ni, Amẹ́ríkà ilẹ̀ olóoru ni ó sì ti wá. Ibẹ̀ náà ni patọnmọ́ àti imí eṣú ti wá. Ewé Akíntọ́lá, tí àwọn kan ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀, kò dé Nàìjíríà títí di ìparí àwọn ọdún 1930, kí ó tó di pé ó bo gbogbo oko àtijọ́. Màmá àgbà rántí ìgbà tí wọn kò mọ̀ ọ́n, àti ìgbà tí wọ́n fún un ní orúkọ olóṣèlú nítorí pé kò sí ibi tí kì í dé. Ìgbà ọyẹ́ ni ó máa ń tanná, nítorí náà ewé rẹ̀ lásán ni mo tẹ̀. "Àlejò ni gbogbo wọn," ni Màmá àgbà wí, wọ́n sì ń to àwọn bébà náà lọ́tọ̀. N kò mọ ìdí tí wọ́n fi ń tò wọ́n lọ́tọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ ni ó yé mi. Bébà mi ti pé mẹ́tàlélógún. Mo ti fi gíláàsì bo mẹ́fà nínú wọn, mo sì gbé wọn kọ́ sára ògiri, ọ̀rẹ́ mi kan ní Èkó sì ti ní kí n tà méjì fún òun. Inú mi ń dùn. Màmá àgbà ní kí n kó ìyókù wá sórí ibùsùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Èwo nínú wọn ló ti oko wá?"

"Gbogbo wọn ni, Màmá."

"Ó dáa. Yúnyun, ojú oòrùn. Imí eṣú, ojú oòrùn. Patọnmọ́, ẹ̀bá ọ̀nà. Ewé Akíntọ́lá, ibi tí a ti ṣá igbó. Eléyìí náà, ibi tí a ti ṣá igbó." Wọ́n gbé wọn sílẹ̀. "Níbo ni tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún tí ó wà létí odò wà? Níbo ni ewé eéran wà? Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni o ti wà níbí, o kò mú ewé eéran kan ṣoṣo wá fún mi. Ewé eéran ni mo fi rán ìyá rẹ lọ sí ilé ìwé."

N kò lè sọ̀rọ̀. Ẹ mọ ewé eéran, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀: ewé fífẹ̀ tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Abẹ́ igi ńlá ni ó ń gbé, nínú ibòji àti ilẹ̀ tútù. Kò fẹ́ oòrùn gangan. Abẹ́ àwọn igi obì oko Màmá àgbà ni ó ti kún bí ọjà, wọ́n sì máa ń gé e, wọ́n máa ń dì í ní ìdì-ìdì, wọ́n máa ń rù ú lọ tà.

"Wọ́n ti gé igi oko mi," ni Màmá àgbà wí. Wọn kò bi mí.

Àwọn bàbá wa máa ń fi àrokò ránṣẹ́ sí ara wọn: owó ẹyọ, ìyẹ́, ohun tí a so pọ̀ tí ẹni tí ó gbà á yóò tú ìtumọ̀ rẹ̀. Oṣù méjì ni mo ti ń fi àrokò ránṣẹ́ láti ẹ̀bá títì dé ẹ̀bá ibùsùn, tí n kò mọ̀, ẹni tí mo ń fi wọ́n rán sí sì ti tú u látọjọ́ pípẹ́, ó ń dúró kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ ohun gbogbo.

Màmá àgbà kò bínú sí mi, tàbí kí n sọ pé wọn kò fi hàn mí. Wọ́n ní kí n pe Dádì Ìkòyà. Nígbà tí Dádì dé ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n mú ìwé àdéhùn wá, wọ́n mú rìsíìtì ilé ìwòsàn wá, wọ́n tẹ́ wọn sórí ibùsùn níbi tí òdòdó mi wà. Màmá àgbà kò mọ̀wé. Wọn kò wo àwọn ìwé náà.

"Ṣé ẹsẹ̀ mi ni ẹ fi rọ́pò oko?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Ó pẹ́ kí wọ́n tó tún sọ̀rọ̀. "Ó yẹ kí ẹ bi mí. Bóyá mà bá ní kí ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ bi mí."

Mo rí Dádì Ìkòyà, ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé, tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá náà bí ọmọdé. N kò lè dájọ́ láàárín wọn, n kò sì fẹ́. Bí èmi bá ni Dádì, mo lè ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Irọ́ àràárọ̀ tèmi ni n kò tíì dárí ji ara mi fún.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, nígbà tí Màmá àgbà ti lè fi igi rìn díẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí oko náà. A gbé wọn sínú ọkọ̀ Dádì Ìkòyà. Mo ti múra sílẹ̀ fún ẹkún, ṣùgbọ́n wọn kò sunkún. Ọ̀pẹ kéékèèké tò lọ gbọọrọgbọ ní ẹsẹẹsẹ, kò ga ju orókún lọ, koríko àárín wọn sì ti pọ́n, ó ti gbẹ, nítorí wọ́n ti fọ́n oògùn sí i. Àjọ NAFDAC ti fòfin de paraquat, ọ̀kan nínú àwọn oògùn apakoríko tí ó lóró jù, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, ṣùgbọ́n èyíkéyìí tí wọn ì báà fọ́n, òdòdó tí ó yẹ kí ó tanná ní àkókò náà kò sí níbẹ̀. Mo wò yíká gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. N kò rí ohun kan ká. Àwọn igi obì kò sí mọ́. Kùkùté wọn ni Màmá àgbà ń kà lẹ́nu wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí a ti ń kọjá.

Létí odò, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀ tí ọ̀pẹ kò ti lè dúró, wọ́n fi ọ̀nà tóóró kan sílẹ̀. Igi ògùrọ̀ wà níbẹ̀, àti igi bíi mẹ́ta mìíràn. Ibẹ̀ ni Màmá àgbà fi igi wọn nà sí. Mo rí tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún kí n tó débẹ̀, ó dúró ṣánṣán, òdòdó rẹ̀ funfun. Ní abẹ́ ògùrọ̀ ni ewé eéran wà. Kò ju agbo kan lọ, ìdì ewé mẹ́rin lè máà jáde níbẹ̀.

"Má wo òkè," ni Màmá àgbà wí fún mi. "Ìdí rẹ̀ ni kí o wò. Ya ewé gbígbẹ yẹn sọ́tọ̀."

Mo ti jẹ mọ́ínmọ́ín láti ìgbà tí mo ti leyín. Mo ti fọ ewé yìí, mo ti ká a, mo ti ká ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, n kò sì béèrè rí bóyá ó ń tanná. Òdòdó rẹ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan erùpẹ̀, ó ní àwọ̀ elésè àlùkò tí a ti fi omi là, ó kéré, ó ṣẹlẹgẹ́. Ẹni tí ó bá ń gé ewé lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ láìmọ̀. Màmá àgbà mọ̀. "Nígbà tí mo bá rẹ̀, tí mo bá jókòó, òun ni mo máa ń wò." Wọn kò sọ iṣẹ́ rẹ̀. Èmi náà kò béèrè.

Mo ṣí ìwé ìròyìn, mo bẹ̀rẹ̀ láti ká a. Màmá àgbà fi igi wọn dí mi lọ́wọ́. Wọ́n ní kí Dádì Ìkòyà di àwọn mú ní ìbàdí. Ó gbà wá ní àkókò gígùn, èmi ń bẹ̀rù fún itan náà, Dádì ń làágùn, Màmá àgbà ń bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń pòṣé sí àwa méjèèjì pé kí a má ṣe gbọ̀n. Wọ́n fi èékánná já a. Wọ́n gbé e sáàárín ìwé ìròyìn fúnra wọn, wọ́n sì tún ewé rẹ̀ kan ṣe tí ó ká sábẹ́.

Ó sun ọjọ́ kan lábẹ́ ọlọ, ó lo ọjọ́ márùn-ún lórí àjà. Àwọ̀ rẹ̀ lọ. Ohun tí ó kù dà bí omi tíì tí ó ti fúyẹ́. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà tí ó dára jù nínú èyí tí mo ní, mo sì mú kálàmù. Mo ka ohun tí mo ń kọ sí igun ìsàlẹ̀ sókè kí Màmá àgbà lè gbọ́: ewé eéran, etí odò, oko Màmá àgbà, Òkìtìpupa, oṣù kẹwàá.

"Ó ku kí ni?"

"Orúkọ ẹni tí ó ká a, Màmá."

"Èmi ni mo ká a. Kọ orúkọ mi síbẹ̀. Kọ gbogbo rẹ̀."

Wọ́n pe orúkọ mẹ́ta. Méjì ni mo mọ̀. Ẹ̀kẹta, tí ìyá wọn fún wọn, n kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa. Mo ní kí wọ́n tún un pè, kí n lè fi àmì sí i bí ó ti yẹ.